Ìfihàn Ọ̀tọ̀, Ìlò Ọ̀tọ̀: Ọ̀rọ̀ Lórí Ẹ́ńjìnnì Géèmù Orí Kọ̀ǹpútà

Lẹ́tà kan dé ọwọ́ ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ àwa akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ nígbà tí ìmúrasílẹ̀ fún ayẹyẹ yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ kíláàsì SS2 mẹ́fà ni ó kọ ọ́. Wọ́n ní àwọn ti dá ẹgbẹ́ kékeré kan sílẹ̀ láti kọ́ bí a ti ń ṣe géèmù orí kọ̀ǹpútà, wọ́n sì bẹ̀ wá pé bí a bá ń ro ẹ̀bùn tí a ó fún ilé-ẹ̀kọ́ wa, kí a jọ̀wọ́ rántí àwọn pẹ̀lú kọ̀ǹpútà tí ó lè gbé ẹ́ńjìnnì géèmù. Lẹ́tà náà gún régé ju èyí tí àwa ń kọ nígbà tiwa lọ.

Kò pẹ́ tí oníṣòwò kan fi gbọ́, tí ó sì wá bá wa. Ó gbé tẹlifíṣọ̀n ńlá kan ka iwájú ìgbìmọ̀, ó sì fi fíìmù kan hàn wá: ihò àpáta jíjìn, obìnrin kan tí ń rìn nínú rẹ̀, iyàrá ńlá tí ó kún fún ère òkúta, ìmọ́lẹ̀ oòrùn tí ń ti òkè wọlé bí ẹni pé a ṣí fèrèsé. Ó ní, "Ohun tí àwọn ọmọ yín yóò máa ṣe nìyí." Kọ̀ǹpútà mẹ́ta ni ó fẹ́ tà fún wa, owó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni yóò sì gbé gbogbo ohun tí a ti fi ọdún méjì kó jọ.

Ojú gbogbo wa dán. Ẹnì kan nínú wa ní kí a fọwọ́ sí i lójú ẹsẹ̀. Èmi tí mo jẹ́ akápò ni mo bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n fún mi ní oṣù méjì. Kì í ṣe pé mo mọ nǹkan kan. Géèmù tí mo mọ̀ títí di ọjọ́ náà kò ju ayò ọlọ́pọ́n àti lúdò lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo wà ní sẹ́mínárì, olùkọ́ wa kan kì í jẹ́ kí a gun orí àga ìwàásù pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kankan láìjẹ́ pé a ti dáhùn ìbéèrè rẹ̀: Ta ni ó sọ ọ́? Ta ni ó ń sọ ọ́ fún? Kí ni ó fi sílẹ̀ láìsọ? Mo rò ó pé ìbéèrè tí ó wúlò fún àyọkà àtijọ́ kò ní ṣàìwúlò fún fíìmù oníṣòwò. Ohun tí mo rí ni mo kọ síhìn-ín, nítorí owó gbogbo wa ni.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń sọ. Ẹ́ńjìnnì géèmù kì í ṣe irin, kì í sì í mu epo. Ètò kọ̀ǹpútà ni, tí àwọn kan ti kọ sílẹ̀ kí ẹlòmíràn má baà bẹ̀rẹ̀ láti ìpìlẹ̀. Àwọn tí ó bá tó mi lọ́jọ́ orí yóò rántí bọ̀lẹ̀kájà. Láti òkè òkun ni ẹ́ńjìnnì àti ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń wá. Àwọn káfíńtà tiwa ni ó ń kan ilé igi sí i, tí wọ́n ń kùn ún, tí wọ́n sì ń kọ ọ̀rọ̀ tí ó wù wọ́n sí i lórí. Bọ̀lẹ̀kájà méjì lè ní ẹ́ńjìnnì kan náà kí wọ́n má sì jọ ara wọn rárá. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni géèmù. Ẹ́ńjìnnì ni ó mọ bí a ti ń ya àwòrán, bí ohun tí a jù sókè yóò ti já bọ́, bí ìró yóò ti jáde, bí ìka ọwọ́ tí ó tẹ bọ́tìnnì yóò ti di ìṣísẹ̀ lójú ẹ̀rọ. Ìtàn, ènìyàn, ilé àti igbó inú géèmù jẹ́ iṣẹ́ àwọn káfíńtà.

Láti ìgbà géèmù Doom, tí ilé-iṣẹ́ id Software ní Amẹ́ríkà gbé jáde ní ọdún 1993, ni ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì yìí ti wá gbilẹ̀. John Carmack àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ya ètò tí ń yàwòrán sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí a ń yà, àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn sì lè sanwó láti kan ilé tiwọn lé e lórí. Lónìí, àwọn tí orúkọ wọn hàn jù ni Unreal ti ilé-iṣẹ́ Epic, tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú géèmù kan ní ọdún 1998. Unity, tí ó jáde ní 2005. Àti Godot, tí àwọn ọmọ ilẹ̀ Argentina méjì bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n sì ṣí sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ fún gbogbo ayé ní 2014.

Nígbà tí a wà nílé-ẹ̀kọ́ yìí, mọ́tò sinimá ìjọba a máa wá sí pápá wa lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Àwòrán tí a rí lára aṣọ funfun náà kò rìn ní tòótọ́. Àwòrán 24 ni ó ń kọjá lójú wa ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, ojú wa ni ó ń so wọ́n pọ̀. Géèmù pàápàá ń ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ kan wà níbẹ̀ tí gbogbo àròkọ mi yìí rọ̀ mọ́. Àwòrán sinimá ti wà nílẹ̀ kí mọ́tò tó gbéra. Àwòrán géèmù kò tíì sí, àfi ìgbà tí ọmọ bá tẹ bọ́tìnnì. Ẹ́ńjìnnì kò mọ̀ bóyá ọwọ́ ọ̀tún ni yóò yà sí tàbí ọwọ́ òsì.

Bí géèmù bá fẹ́ rìn geere, àwòrán 60 ni ó gbọ́dọ̀ yà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ pín ìṣẹ́jú àáyá kan sí ọ̀nà ẹgbẹ̀rún. Ìdá kan nínú rẹ̀ ni àwọn onímọ̀ ń pè ní mílísẹ́kọ́ńdù. Àwòrán kọ̀ọ̀kan ní mílísẹ́kọ́ńdù 16.7 péré láti wáyé. Láàárín àkókò yẹn ni ẹ́ńjìnnì yóò wo ohun tí ọwọ́ ọmọ ṣe, yóò ṣípò gbogbo ohun tí ń rìn, yóò pinnu ohun tí ọ̀tá fẹ́ ṣe, yóò wá ibi tí ìmọ́lẹ̀ bọ́ sí àti ibi tí òjìji wà, yóò sì kun gbogbo rẹ̀ sójú ẹ̀rọ. Lẹ́yìn náà yóò tún bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá gba àwòrán 30 péré, àyè rẹ̀ di mílísẹ́kọ́ńdù 33.3. Bí iṣẹ́ bá ju àyè lọ, àwòrán a máa ta gìrì, ọmọ yóò sì máa bú ẹ̀rọ.

Òṣùwọ̀n tí kò ṣeé parọ́ fún nìyẹn. Ẹni tí ó bá ń fi fíìmù hàn yín kò sí lábẹ́ òṣùwọ̀n náà. Ó lè fi wákàtí kan ya àwòrán kan. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2005, nígbà tí PlayStation 3 kò tíì jáde, Sony fi fíìmù géèmù Killzone 2 hàn ní ìpàtẹ E3 ní Los Angeles. Ọ̀pọ̀ tí ó wò ó gbà pé ẹ̀rọ tuntun náà ni ó ń ya ohun tí wọ́n ń rí. Lẹ́yìn náà ni ó hàn pé a ti ya á sílẹ̀ ṣáájú, láti fi júwe ibi tí àwọn olùṣe rẹ̀ ń lọ. Ọdún 2009 ni géèmù náà jáde. Ó dára, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí a rí ní 2005. Àwọn àgbà ní ìròyìn kò tó àfojúbà. Nínú òwò yìí, àfojúbà pàápàá jẹ́ irú ìròyìn kan.

Fíìmù oníṣòwò tiwa kì í ṣe irú èyí, ohun tí ó sì mú kí ó ṣòroó já nìyẹn. Òtítọ́ ni. Ìfihàn tí Epic ṣe fún Unreal Engine 5 ní ọjọ́ 13 oṣù Karùn-ún ọdún 2020 ni, PlayStation 5 gan-an ni ó sì ń yà á bí ọwọ́ ti ń darí rẹ̀. Orí ohun méjì ni ìfihàn náà dá lé: Lumen tí ń ṣírò ìmọ́lẹ̀, àti Nanite tí ń bójú tó ìrísí ohun gbogbo. N óò dúró díẹ̀ lórí Nanite.

Gbogbo ohun tí ẹ ń rí nínú irú géèmù bẹ́ẹ̀, onígun mẹ́ta kéékèèké ni a fi tò ó, bí ẹni fi èpá òkúta mọ ògiri. Bí onígun mẹ́ta bá ti pọ̀ tó ni ère yóò ti dán tó. Láyé àtijọ́, oníṣẹ́ ọnà lè gbẹ́ ère oní-mílíọ̀nù, kí ó sì tún fi ọwọ́ ara rẹ̀ dín in kù sí ẹgbẹ̀rún díẹ̀ kí ẹ̀rọ tó lè gbé e. Epic ní kí wọ́n má dín nǹkan kan kù mọ́. Ère kan nínú ìfihàn náà ní ju mílíọ̀nù 33 onígun mẹ́ta lọ, ère bí 500 sì wà nínú iyàrá kan ṣoṣo. Ẹ ṣírò rẹ̀: ó ju bílíọ̀nù 16 lọ.

Ta ni yóò gbọ́ bílíọ̀nù 16 tí kò ní pariwo? Ṣùgbọ́n Epic fúnra wọn sọ ìyókù. Nínú àwòrán kọ̀ọ̀kan, ohun tí ó ju bílíọ̀nù kan lọ ni ẹ́ńjìnnì ń gbé yẹ̀ wò, bí mílíọ̀nù 20 ni ó sì ń yà. Ọgbọ́n ibẹ̀ gan-an nìyẹn, ó sì wú mi lórí ju bílíọ̀nù lọ. Ojú ẹ̀rọ náà, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti lò ó lọ́jọ́ náà, ní àmì ìmọ́lẹ̀ kéékèèké, tí àwọn ọmọ ń pè ní pixel, tí ó tó 2,560 ní ìbú àti 1,440 ní òòró; àpapọ̀ rẹ̀ kò ju 3,686,400 lọ. Kí ni ànfààní kí a ya bílíọ̀nù onígun mẹ́ta sórí àmì tí kò pé mílíọ̀nù mẹ́rin? Nanite a máa ṣa àwọn tí ojú lè rí, yóò sì pa ìyókù tì. Ẹni tí ó wà lẹ́yìn ìjọ kò nílò láti rí ìlà ìka oníwàásù.

Ní báyìí, kí ni ìfihàn náà fi sílẹ̀ láìsọ? Kò pa irọ́, ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ó yàn láti fi hàn: àpáta, ère, ògiri. Ohun tí kì í tẹ̀, tí kì í rọ̀, tí atẹ́gùn kì í mì ni gbogbo wọn. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì náà jáde fún gbogbo ayé ní oṣù Kẹrin ọdún 2022, Nanite kò tíì lè gbé ara ènìyàn tí ń rìn tàbí ewé tí ń fì. Inú ìwé ìtọ́ni Epic ni èyí wà, wọn kò fi pamọ́. Àwọn àtúnṣe ọdún tí ó tẹ̀lé e ni ó ń mú wọn wọlé díẹ̀díẹ̀. Àwòrán 30 ní ìṣẹ́jú àáyá kan sì ni ìfihàn náà ń yà, kì í ṣe 60. Kò tún sí ogun kankan nínú ihò náà, kò sí ìlú tí ó kún fún èrò. Ní 2021, Epic gbé irú ìfihàn bẹ́ẹ̀ mìíràn sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni lè gbé e sórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀ wò. Ó tó 100 gígábáìtì. Ẹ ronú sí iye dátà tí ìyẹn yóò jẹ níbí.

Mo bi oníṣòwò wa bóyá kọ̀ǹpútà tí ó fẹ́ tà fún wa ni ó ń ya ohun tí a wò. Ó tún tẹ fíìmù náà fún wa láti ìbẹ̀rẹ̀.

Nǹkan tún ń yàtọ̀ nígbà tí ìlérí bá ré kọjá ohun tí ìṣirò lè gbà. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2011, ilé-iṣẹ́ Euclideon ní Australia gbé fíìmù kan jáde, wọ́n ní àwọn ti rí ọ̀nà láti ya ohun gbogbo láìlópin, kì í ṣe pẹ̀lú onígun mẹ́ta, bí kò ṣe pẹ̀lú hóró kéékèèké bí iyanrìn. Erékùṣù kan ni wọ́n fi hàn, ìbú rẹ̀ kìlómítà kan, òòró rẹ̀ kìlómítà kan, hóró 64 sì wà nínú mílímítà oníhà-mẹ́ta kọ̀ọ̀kan. Mo gbé ìwé àti kálámù. Hóró 64 nínú mílímítà oníhà-mẹ́ta túmọ̀ sí mẹ́rin ní ìbú, mẹ́rin ní òòró, mẹ́rin ní gíga. Lórí ilẹ̀ lásán, tí a kò bá ka inú rẹ̀ rárá, ó di 16 lórí mílímítà kan, mílíọ̀nù 16 lórí mítà kan níbùú lóròó. Mítà bẹ́ẹ̀ mílíọ̀nù kan ni ó wà lórí erékùṣù náà, ó sì di 16,000,000,000,000. Bí hóró kọ̀ọ̀kan bá gba báìtì kan ṣoṣo, kí á tó ka igi tàbí òkúta, ó ti tó 16,000 gígábáìtì.

Níbo wá ni wọ́n kó o pamọ́ sí? Wọn kò kó o pamọ́ níbì kankan. Ẹ wo fíìmù náà dáadáa, ẹ ó rí i pé igi kan náà, òkúta kan náà ni ń padà wá lọ́pọ̀ ìgbà. Àwọn tí ó bá ti dé ọ̀dọ̀ aláró ní Abẹ́òkúta mọ páànù tí wọ́n ń gé fún àdìrẹ ẹlẹ́kọ: páànù kan ṣoṣo, wọ́n sì fi í tẹ gbogbo aṣọ. Kò sí ẹ̀sùn nínú ìyẹn, ẹ́ńjìnnì gbogbo ni ó ń ṣe é. Ṣùgbọ́n àdìrẹ kì í ṣe àìlópin. Kò sì sí ohun kan tí ń mira lórí erékùṣù náà. Markus Persson, ẹni tí ó ṣe géèmù Minecraft, kọ ọ́ síta nígbà náà pé ẹ̀tàn ni. Èmi kò ní lọ jìnnà tó bẹ́ẹ̀, nítorí iṣẹ́ gidi wà nídìí rẹ̀: ilé-iṣẹ́ náà wá rí ọjà rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn awọnlẹ̀, níbi tí ohun gbogbo ti dúró jẹ́ẹ́. Ọ̀rọ̀ náà "àìlópin" ni n kò lè darí jì.

Iye ńlá mìíràn wà tí ó jẹ́ òtítọ́ pátápátá, síbẹ̀ tí àwọn ènìyàn fi bínú. Hello Games ní Guildford, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣèlérí pé géèmù No Man's Sky yóò ní ayé 18,446,744,073,709,551,616. Ó ní i. Wọn kò kó ayé kan pamọ́. Irúgbìn ni wọ́n kó, nọ́ńbà kan fún ayé kọ̀ọ̀kan, ẹ́ńjìnnì yóò sì hu ayé náà láti inú nọ́ńbà nígbà tí ènìyàn bá dé ibẹ̀. Àgbẹ̀ kò gbé igbó sínú àpò. Ṣùgbọ́n ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn gbọ́ lẹ́nu Sean Murray, olórí wọn, ni pé wọn yóò lè pàdé ara wọn níbẹ̀. Nígbà tí géèmù náà jáde ní oṣù Kẹjọ ọdún 2016, àwọn méjì ṣe àdéhùn, wọ́n dé ibi kan náà lórí ayé kan náà, wọn kò sì rí ara wọn. Àwọn tí ń ṣọ́ ìpolówó ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbọ́ ẹjọ́ lórí ìpolówó rẹ̀, wọ́n sì dá wọn láre ní oṣù Kọkànlá. Kí a sọ òtítọ́, àwọn olùṣe náà kò sá. Wọ́n ń tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́dún lọ́dún, àti pé láti oṣù Keje ọdún 2018 ni àwọn ènìyàn ti ń rí ara wọn níbẹ̀ dáadáa.

Èyí tí mo fi síwájú ìgbìmọ̀ jù ni ọ̀ràn Cyberpunk 2077, tí CD Projekt ti ilẹ̀ Poland gbé jáde ní ọjọ́ 10 oṣù Kejìlá ọdún 2020. Lórí kọ̀ǹpútà olówó iyebíye, ó rí bí wọ́n ti fi hàn. Lórí PlayStation 4, ẹ̀rọ ọdún 2013 tí ó wà nínú ilé àwọn ènìyàn, ó ń ta gìrì, ó sì ń dákú. Láàárín ọjọ́ mélòó kan ilé-iṣẹ́ náà tọrọ àforíjì, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ tọrọ àforíjì fún sì ni pé wọn kò fi géèmù náà hàn lórí àwọn ẹ̀rọ àtijọ́ kí ó tó jáde. Sony yọ ọ́ kúrò nínú ọjà wọn, kò sì padà síbẹ̀ títí di oṣù Kẹfà ọdún 2021. Ẹ̀yin ará mi, kò sí àwòrán irọ́ kan nínú gbogbo rẹ̀. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi hàn á kì í ṣe ẹ̀rọ tí olùrà ní.

Nígbà tí oṣù méjì mi pé, mo lọ bá àwọn ọmọ mẹ́fà náà. Mo ti múra láti kọ́ wọn. Àwọn ni ó kọ́ mi. Wọ́n ti gbé Godot sórí kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan nínú yàrá ìmọ̀ ìjìnlẹ̀, èyí tí ó ń hó bí ìkòkò. Oko kan ni wọ́n ń ṣe, tí ọmọdébìnrin kan ń lé ẹyẹ kúrò nínú rẹ̀. Èyí tí ó kéré jù nínú wọn tọ́ka sí igun ojú ẹ̀rọ. "Bàbá, ẹ wo nọ́ńbà yẹn." Mílísẹ́kọ́ńdù 14 ni. Wọ́n gbin igi 200 sí oko náà níṣojú mi, ó fò sókè sí 41, ọmọdébìnrin náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn bí ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n yí ètò kan padà, kí ẹ̀rọ lè fi àṣẹ kan ṣoṣo ya gbogbo igi náà dípò àṣẹ 200. Ó padà sí 17. Mo bi wọ́n bóyá wọ́n mọ àdìrẹ ẹlẹ́kọ. Wọ́n wò mí bí ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti yà kúrò lójú ọ̀nà.

A kò ra kọ̀ǹpútà mẹ́ta. Mọ́kànlá ni a rà, tí kò lágbára tó bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú ínfátà àti bátìrì rẹ̀, lẹ́yìn tí àwọn ọmọ náà ti gbé oko wọn sórí ọ̀kan nínú wọn ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n sì ka nọ́ńbà rẹ̀ fún wa. Méjì nínú ìgbìmọ̀ kò fara mọ́ ọn, wọ́n sì ní kí n kọ ọ́ síbí pé àwọn kò fara mọ́ ọn: wọ́n ní ọmọ tí kò bá fọwọ́ kan ẹ̀rọ ńlá lónìí yóò bẹ̀rù rẹ̀ lọ́la, ọ̀rọ̀ wọn sì ní ìtumọ̀. Oko náà yóò wà ní gbọ̀ngàn ní ọjọ́ ayẹyẹ, ẹnikẹ́ni lè jókòó kí ó lé ẹyẹ. Lẹ́tà tuntun ti dé láti ọ̀dọ̀ wọn ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá. Àwọn igi wọn kò tíì ní òjìji, wọ́n sì fẹ́ mọ̀ bóyá ó kù ohunkóhun nínú àpò.